Gẹ̀ẹ́sì Ẹnu Wa, Láti Ìkàrẹ́ dé Ọ̀kà

Gẹ̀ẹ́sì tí à ń sọ lójoojúmọ́ ni ètò ẹ̀kọ́ wa fẹ́ gbé yẹ̀ wò láàárọ̀ yìí. Àwọn òbí ń ráhùn pé àwọn ọmọ ò lè sọ gbólóhùn méjì kó má ní àbùkù. Àwọn ọmọ náà ní gírámà àwọn àgbà ti pọ̀ jù, pé ọ̀rọ̀ kì í sí nínú rẹ̀. Ẹjọ́ tọ̀tún-tòsì ni, èmi ò sì ní gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni kí n tó gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká ti orí rédíò bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má baà ní a fi tiwa pamọ́. Ẹ gbọ́ bí olùpè kan ṣe máa ń wọlé sórí ètò: "Hello, good morning sir. How is work? How is family? Actually, sir, you know, basically, what I actually want to say is that, in fact, you understand..." Kó tó kan ọ̀rọ̀ gan-an, káàdì ti tán. A ò mọ̀ bóyá iná mànàmáná ló fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni, tàbí kòtò tó wà lójú ọ̀nà. Atọ́kùn ètò náà á wá gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Thank you for that wonderful contribution." Ìdásí wo? Ẹni tí kò tíì sọ nǹkan kan!

Kò sí èdè tí kò ní irú ọ̀rọ̀ tí èèyàn fi ń sinmi bẹ́ẹ̀. Àwa náà ń sọ pé "ẹ wò ó", "ṣé ẹ rí i", "wàyí o". Ẹni tó ń ronú ní Yorùbá, tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́, ó di dandan kó wá ibi tí yóò fẹ̀yìn tì díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó kàn tó dé. N kò bá a jà nítorí ìyẹn. Ibi tó ti ń bí mi nínú ni ìgbà tí "actually" bá di aṣọ àríyá, tí èèyàn ń wọ̀ ọ́ kí wọ́n lè mọ̀ pé òun kàwé. Ẹ fetí sí i dáadáa, ẹ ó rí i pé ẹni náà kì í lò ó bó bá ń sọ̀rọ̀ owó.

Ẹjọ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ń bàjẹ́ kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, kò sì bẹ̀rẹ̀ lánàá. Jonathan Swift, àlùfáà ọmọ Ireland tó kọ ìtàn Gulliver, bínú gidigidi nígbà ayé rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ kékeré kan, "mob". Láti ara ọ̀rọ̀ Látìn gígùn kan ni wọ́n ti gé e, ojú ìyà ni Swift sì fi ń wo irú ìgékúrú bẹ́ẹ̀. Ní 1712 ó kọ̀wé sí olórí àpò ìṣúná ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí yóò tún èdè náà ṣe, tí yóò sì dè é mọ́lẹ̀ kó má yí padà mọ́. Wọn ò dá a sílẹ̀. Lónìí, kò sí ọ̀mọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì tó mọ̀ pé "mob" ti fìgbà kan jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, àfi ẹni tó bá ka ìtàn.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní Gẹ̀ẹ́sì ti bàjẹ́, ìbéèrè mi ni pé: èwo nínú rẹ̀? Ohun tí wọ́n ń kó pọ̀ sínú àpò kan náà kì í ṣe irú kan náà.

Ẹ mú ti ahọ́n. Lẹ́tà H ni wọ́n fi ń ṣe wá ní yẹ̀yẹ́ jù. Ọmọ wa á dé Èkó, á ní òun fẹ́ "heat" nígbà tí ebi ń pa á, á ní òun ń lọ sí "ospital", gbogbo yàrá á bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní "gbàgáùn!" Ṣùgbọ́n àwọn mẹ̀kúnnù Lọ́ńdọ̀nù fúnra wọn, àwọn tí wọ́n ń pè ní Cockney, ti ń gbé H mì láti ayébáyé. Eré onítàn odindi kan ni George Bernard Shaw kọ lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, Pygmalion, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe lórí ìtàgé ní 1913: ọ̀jọ̀gbọ́n kan mú ọmọbìnrin tó ń ta òdòdó lójú pópó, ó ń kọ́ ọ bí yóò ṣe máa sọ̀rọ̀ bí ìyàwó ìjòyè. Bí àwọn tó ni èdè bá ń jìyà lórí H, kí ló dé tí ọmọ Ọ̀kà yóò fi máa forí pamọ́?

Ti fáwẹ̀lì tún wà níbẹ̀. Yorùbá ajùmọ̀lò ní fáwẹ̀lì àìránmúpè méje. Irú Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́, tí í ṣe ti àwọn ọ̀làjú gúúsù England, ní ìró fáwẹ̀lì tó tó ogún. Ẹnu tó ti mọ́ méje lára kò lè ṣàìkó àwọn kan pọ̀. Ìdí nìyí tí "ship" àti "sheep" fi ń jáde bákan náà lẹ́nu wa, tí "live" àti "leave" náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìdánwò WAEC gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ wọn, nítorí wọ́n ń béèrè ìró lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Kí tíṣà jókòó tì í, kí wọ́n jọ máa pè é títí yóò fi mọ́ ọn lẹ́nu. Iṣẹ́ tíṣà nìyẹn. Ẹ̀rín kì í ṣe iṣẹ́ tíṣà. Àwọn tó yẹ ká rẹ́rìn-ín sí ni àwọn tó ń fi imú sọ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọn kò tíì kọjá Ọ̀wọ̀ rí, tí "wanna" àti "gonna" ti gba ẹnu wọn kan.

Ní ti àwa ará Àkókó, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ̀ka èdè Yorùbá ni ti Ìkàrẹ́, ẹ̀ka èdè Yorùbá ni ti Ọ̀kà, síbẹ̀ ti Ìkàrẹ́ yàtọ̀ sí ti Ọ̀kà. Ẹ wá dé Àrìgìdì, ẹ dé Àúga, ẹ dé Ìkàràmù, èdè tí ará Ìbàdàn kò lè gbọ́ rárá ni wọ́n ń sọ nílé. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè tilẹ̀ ka èdè Ìsùà àti ti Èpìnmì mọ́ ẹbí àwọn èdè Ẹdó. Gbogbo rẹ̀ nínú ilẹ̀ tí ọkọ̀ lè yí ká láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Ẹ wá dúró ti ìyá oníṣu kan lọ́jà Ìkàrẹ́. Ará ilé rẹ̀ láti Àrìgìdì kọjá, wọ́n fi èdè ilé kíra wọn. Oníbàárà kan yọ ní àdúgbò, ó fi ẹ̀ka èdè Ìkàrẹ́ dá a lóhùn. Ẹni tó wá láti Àkúrẹ́ débẹ̀, ó di Yorùbá ajùmọ̀lò: "Ẹ wò ó, mọ̀mí, iṣu tuntun nìyí, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀." Ẹbira kan láti Òkéné dúró, ìyá yí i sí Píjìn: "Oga, bring money jare, e no cost." Ẹnikẹ́ni kò rán an níléèwé lórí ìyẹn. Ojú oníbàárà ló ń wò. Bó bá fi èdè Àrìgìdì dá ará Àkúrẹ́ lóhùn, iṣu á kú sí i lọ́wọ́.

Ọgbọ́n ìyá yìí ni mo fẹ́ ká mú wọ inú Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì tí a jọ ń sọ láàárín ara wa wà, ó ní òfin tirẹ̀, kì í ṣe àṣìṣe. A ń sọ pé "next tomorrow" nítorí ọ̀túnla jẹ́ ọjọ́ pàtàkì lọ́dọ̀ wa. A ń sọ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ pé "well done" nítorí kò sí bí a ṣe lè kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ká má kí i. A ń sọ "sorry" fún ẹni tó fẹsẹ̀ kọ, kì í ṣe nítorí pé àwa la gbé òkúta náà síbẹ̀. Lóṣù kìíní ọdún 2020, àwọn olóòtú Oxford English Dictionary, ìwé atúmọ̀ èdè tó tóbi jù fún Gẹ̀ẹ́sì, fi ọ̀rọ̀ 29 láti Nàìjíríà kún un. "Next tomorrow" wà níbẹ̀, "severally" wà níbẹ̀, "put to bed" tí a ń lò fún ìyá tó bímọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Lóṣù kìíní 2025 wọ́n tún fi òmíràn sí i, títí kan "japa" àti "abi". Nítorí náà, tíṣà tó bá na ọmọ nítorí "next tomorrow", kó ṣọ́ra.

Ṣùgbọ́n kí ọmọ náà má kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò. "The day after tomorrow" ni wọ́n ń wá níbẹ̀, òun sì ni kó fún wọn. Nígbà mìíràn, ohun tó wà nínú rẹ̀ ju máàkì lọ. Nínú ilé Yorùbá, àgbà kan ṣoṣo, "wọ́n" là ń pè é. Bí ọmọ bá gbé ọ̀wọ̀ yìí wọ Gẹ̀ẹ́sì, á ní: "They are calling you in the house." Ẹni tó ń pè é kò ju ìyá àgbà lọ. Kò sóhun tó burú níbẹ̀, gbogbo wa mọ ohun tó ń sọ. Ó wá di ọjọ́ kan, ọmọ yẹn wà níwájú ọlọ́pàá, ó ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀: "They slapped me and they collected my phone." Obìnrin kan ṣoṣo ló gbá a létí. Ọlọ́pàá ti ń wá ogunlọ́gọ̀, lọ́yà á sì fi gbólóhùn yẹn fa ẹjọ́ náà ya ní kóòtù. Ibi tí mo fẹ́ kí tíṣà gbé pátákó dúdú kalẹ̀ sí nìyẹn, kó ṣàlàyé títí yóò fi yé wọn.

Ìgbà kan wà tí àwọn ọ̀mọ̀wé wa gbé ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì yìí gbòdì pátápátá. Ní 1952, ilé iṣẹ́ Faber and Faber ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ ìwé The Palm-Wine Drinkard tí Amos Tútùọlá kọ. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, ìránṣẹ́ ọ́fíìsì ni nígbà yẹn ní ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Èkó, kò sì lọ jìnnà níléèwé. Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé náà ń rìn bí Yorùbá ṣe ń rìn. Dylan Thomas, akéwì ọmọ Wales, yin ìwé náà gidigidi nínú ìwé ìròyìn Observer. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó kàwé ńkọ́? Ojú tì wọ́n. Wọ́n ń kọ lẹ́tà sínú ìwé ìròyìn pé àwọn òyìnbó á máa rò pé bí gbogbo wa ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, pé ó ti bà wá lórúkọ jẹ́. Èmi ò ní sọ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ àròkọ WAEC bíi Tútùọlá. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn tó kọ lẹ́tà wọ̀nyẹn ni wọ́n ń kà lónìí? Tútùọlá mọ ohun tó fẹ́ sọ, ó sì sọ ọ́ bó ṣe rí lójú rẹ̀. Òǹkàwé kì í sì í sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, àní nínú igbó iwin.

Ọ̀rọ̀ tó ń sọ olùgbọ́ nù ni mo ń bọ̀ wá bá báyìí. Òun ni mo kà sí ìbàjẹ́ gan-an, ìyàlẹ́nu ibẹ̀ sì ni pé ẹnikẹ́ni kì í rẹ́rìn-ín sí i. Pípatẹ́wọ́ ni wọ́n máa ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí ìpàdé ìdàgbàsókè ìlú, ní gbọ̀ngàn kan ní Ọ̀kà. Kánópì wà níta, ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ ń han, ìyàwó àwọn olóyè ti jókòó. Ẹni tó kọ́kọ́ di máìkì mú, tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ̀rọ̀ ṣáájú rẹ̀, á tún gèlè ọ̀rọ̀ rẹ̀ wé: "Permit me to stand on the already established protocol." Ta ló gbé e kalẹ̀? Òun ni ẹni àkọ́kọ́! Ẹnì kejì á ní "All protocols duly observed," á wá bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ: kábíyèsí, àwọn ìjòyè, alága ìjọba ìbílẹ̀, alága ayẹyẹ, bàbá ìsàlẹ̀, ìyá ọjọ́, àwọn oníwàásù, títí dé orí ẹni tó gbé àga wá. Ó ti ní òun fo gbogbo rẹ̀. Ó padà fò ó wálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

N kò fẹ́ ṣe àbòsí o. Gbólóhùn "protocol" yìí ní ìwúlò tirẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Ìkàrẹ́ ní Ọwá Alé, ó ní Olúkàrẹ́. Ọ̀kà ní Olúbàkà, ó sì ní Asin ti Ọ̀kà-Odò. Ẹni tí máìkì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, tó bá kọ́kọ́ pe ọba kan kó tó pe èkejì, ó lè má jẹ ìrẹsì ayẹyẹ náà tán kí wọ́n tó ránṣẹ́ pè é. Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ níbẹ̀: kò pe ẹnikẹ́ni, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Mo gbà fún un. Ohun tí n kò gbà ni ti àwọn gbólóhùn yòókù tí wọ́n tẹ̀ lé e, tí wọn kò gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀: "without much ado", lẹ́yìn tí àsọyé ti gùn títí oúnjẹ fi tutù, "last but not the least", tí mẹ́rin míì ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, "the rest is history", nígbà tí ìtàn yẹn gan-an la wá gbọ́. Bẹ́ ẹ bá bi àwọn ènìyàn léèrè nígbà tí wọ́n ń darí lọ sílé pé kí ni alága sọ, wọ́n á ní "Ó sọ̀rọ̀ gan-an ni o, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ga." Kí ló wá sọ nípa omi ẹ̀rọ tí a tìtorí rẹ̀ pàdé? Kò sẹ́ni tó rántí.

Àwọn àgbà wa ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí. Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́ wa láti máa sọ odindi mẹ́ta fún ọ̀rọ̀ tí kò tó àbọ̀. Àbí òun ni? Àwọn òyìnbó ìjọba amúnisìn ló kó "I am directed to" àti "kindly do the needful" wá sí ọ́fíìsì wa, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ti ń kọ lẹ́tà ṣókí ní orílẹ̀-èdè wọn tipẹ́, àwa ṣì ń tọ́jú tiwa bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Wọlé Ṣóyínká ti rí irú wa nígbà tó dá Lakunle, tíṣà abúlé, nínú The Lion and the Jewel, tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn ní 1959: ó fi gírámà wá ìyàwó, ọ̀dọ̀ baálé arúgbó ni ọmọbìnrin náà gbà lọ. Ọ̀gbẹ́ni Patrick Obahiagbon, tó ṣojú àwọn ènìyàn rẹ̀ láti ìpínlẹ̀ Edo tó bá wa pààlà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Àbújá, sọ gírámà di eré tó ń pa gbogbo orílẹ̀-èdè lẹ́rìn-ín. Tirẹ̀ sàn, nítorí a mọ̀ pé eré ni. Àwọn tó ń ṣe é lójú ọ̀ràn tòótọ́ ni mo ń bá wí.

Níbo ni àwọn ọmọ ti ń kó ti wọn? Ẹ lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan nígbà tí wọ́n bá jáde lọ́sàn-án. Lára ògiri, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé wọn ò gbọdọ̀ sọ "vernacular" níbẹ̀. Ọmọ tó bá sọ Yorùbá á san fáìnì tàbí kó kúnlẹ̀. Tíṣà tó dúró ní géètì ń pariwo: "You this boy, carry your bag and be going! I will soon vex for you o!" Ìyá ọmọ dé: "Tòmíwá, oya, enter bike. Where is your sandal? They did not tell you to be wearing it?" Ọmọ dáhùn pé: "Mummy, it has cut." Kò sí Yorùbá níbẹ̀, a gbà. Gẹ̀ẹ́sì wo ló wá wà níbẹ̀? Ọmọ náà ń kọ́ èyí tó gbọ́, ó sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Olùkọ́ rẹ̀ nínú rẹ̀ ni tíṣà àti ìyá rẹ̀. Ọdún díẹ̀ sí i, WAEC á wá bi í ní èyí tí ẹnikẹ́ni kò sọ létí rẹ̀ rí. Láìní kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, yunifásítì tó wà ní Àkùngbá níbẹ̀ yẹn, tó súnmọ́ ilé rẹ̀, kò ní ṣílẹ̀kùn fún un.

Wọ́n ti dán ọ̀nà mìíràn wò ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, àjọ Ford Foundation sì gbówó sílẹ̀. Fún ọdún mẹ́fà gbáko, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ. Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Wọ́n fi í sí ààyè tirẹ̀ bí iṣẹ́ kan, wọ́n sì mú tíṣà tó mọ̀ ọ́n dunjú wá fún un. Nígbà tí wọ́n wọn àwọn ọmọ náà mọ́ àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, wọn ò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ni wọ́n sì ti ṣáájú. Ibi tí àwọn ènìyàn máa ń di mú nínú ìtàn yìí ni ti Yorùbá. Èmi a máa di ti tíṣà Gẹ̀ẹ́sì yẹn mú pẹ̀lú: ẹnì kan tó gbọ́ èdè náà, tó ń sọ ọ́ kedere sétí ọmọ, tí kò fi agbára mú tíṣà ìṣirò kó máa sọ èyí tí kò mọ̀.

Ìjọba kò rí ojú ọ̀nà kan tẹ̀ lé lórí èdè tí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ. Ìlànà ẹ̀kọ́ ti 1977 ní kí wọ́n fi èdè àdúgbò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ. Lóṣù kọkànlá ọdún 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí ó wà bẹ́ẹ̀ jálẹ̀ ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lóṣù kọkànlá ọdún 2025, lẹ́yìn ìpàdé ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣe ní Àkúrẹ́ tiwa níbí, Mínísítà Túnjí Àlàùsá kéde pé wọ́n ti fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ni kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ máa lò láti ìbẹ̀rẹ̀; ìdí tó sọ ni pé àwọn ọmọ ń já nínú ìdánwò àṣejáde. Àṣẹ ti jáde. Èyí tí mo ń wá nínú rẹ̀ tí n kò rí ni ibi tí tíṣà orí géètì ti máa kọ́ Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀.

Ó kù díẹ̀ kí àkókò wa tán, mo sì fẹ́ ka lẹ́tà kan fún yín, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń kọ wáṣẹ́. Gbogbo yín ti rí irú rẹ̀ rí:

"I humbly and most respectfully wish to use this golden medium to apply for the above subject matter in your highly esteemed establishment. I got to know through a reliable source that there exist some vacancies. I promise to discharge my duties to the satisfaction of my superior officers. Thanks for your anticipated cooperation."

Kò sí gbàgáùn kankan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wo ló ń wá? Kí ló mọ̀ ọ́n ṣe? Ọ̀gá tó ní irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu lórí tábìlì á gbé e jù sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ jẹ́ ká tún un kọ:

"I am applying for the post of sales clerk at your Oka branch. I passed five subjects in WAEC, including English and Mathematics. For two years I kept the sales book in a cement shop in Ikare, and the owner is ready to speak for me. I can start on Monday."

Mo mọ ohun tí àwọn bàbá kan ń sọ báyìí: "Ọ̀wọ̀ dà níbẹ̀?" Ọ̀wọ̀ wà nínú "Dear Sir" tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó wà nínú "Yours faithfully" tó parí rẹ̀, ó sì wà nínú pé kò fi àkókò ọ̀gá ṣòfò. Ìwé ọjà sìmẹ́ǹtì tó sọ pé òun tọ́jú fún ọdún méjì yẹn ni wọ́n máa torí rẹ̀ pè é.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ní lẹ́tà ìwáṣẹ́ nílé, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa, kẹ́ ẹ yọ orúkọ yín kúrò. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó ka díẹ̀ níbẹ̀, a ó sì jọ gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ lórí afẹ́fẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ pe fóònù náà, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ.